Irúgbìn Wá, Ìmọ̀ Kò Bá A Wá: Tákò Aláìlẹ́ran àti Àwo Oúnjẹ Wa ní Bassila àti Manigri

Ìjúbà

Mo kí ẹ̀yin ará Manigri tí ẹ ń sọ Nàgó. Mo kí ẹ̀yin Anii onílùú Bassila, ẹ̀yin Kotokoli, ẹ̀yin Lokpa, àti ẹ̀yin Fúlàní tí wàrà yín kò wọ́n lọ́jà wa. Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ ń jí din àkàrà kí oòrùn tó yọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Tákò aláìlẹ́ran, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí ìwé ìpè dé ọwọ́ mi, ẹnì kan nínú ilé bi mí pé, "Kí ló da Manigri pọ̀ mọ́ Mẹ́síkò?" Mo ní kó lọ yọjú wo inú àká. Àgbàdo tó wà níbẹ̀, Mẹ́síkò ni orírun rẹ̀. Ìyẹn ni okùn tó so wá pọ̀. Òun náà ni n ó dì mú títí ọ̀rọ̀ mi yóò fi parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Irúgbìn nìkan kọ́ ni oúnjẹ. Irúgbìn pẹ̀lú ìmọ̀ ẹni tó ń sè é ni oúnjẹ. Àgbàdo kọjá òkun wá bá wa, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín kò bá a wá. Àwọn ìyá wa ló jókòó tì í, tí wọ́n wá ìmọ̀ tiwọn fún un. Ìmọ̀ yẹn ni kò gbọdọ̀ bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa.

Kí ni tákò?

Tákò kò le. Ẹ mú tòtíyà kan tó gbóná, ẹ bu nǹkan sí àárín rẹ̀, ẹ ta ata sí i, ẹ ká a, ẹ gbé e sẹ́nu. Ó parí.

Tòtíyà yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó rí pẹlẹbẹ bí ewé, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà tí a na ìka rẹ̀, kò sì sí òróró kankan nínú rẹ̀. Àwa náà mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àfi pé a kò fún un lórúkọ. Bí a bá bu òkèlè, tí a fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó lè gba ọbẹ̀, ṣíbí tí a ń jẹ mọ́ oúnjẹ nìyẹn. Ohun tí tòtíyà ń ṣe fún ará Mẹ́síkò náà nìyẹn. Àwa máa ń ṣí ewé kúrò lára ẹ̀kọ ká tó jẹ ẹ́. Tòtíyà ni ewé tí wọ́n ń jẹ mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń dì sínú rẹ̀ kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹran. Ẹ̀wà wà níbẹ̀ tí wọ́n sè, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n tún wá dín. Òdòdó elégédé wà, pọ̀tétò wà, ata tútù tí wọ́n sun lórí iná tí wọ́n bó eèpo rẹ̀ wà. Olú dúdú kan wà tó máa ń hù lára ọmọ àgbàdo, huitlacoche lorúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ibòmíràn á sọ ọ́ nù pé àgbàdo òun ti bàjẹ́. Ní Mẹ́síkò, owó gidi ni wọ́n ń tà á. Ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tún wà tí wọ́n ń pè ní nopal. Wọn á gé ẹ̀gún rẹ̀ dànù, wọn á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn á sè é. Ó fẹ́ jọ ọrọ́ tiwa lójú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lọ gé ọrọ́ sínú ìkòkò, torí oró wà nínú oje rẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Tlaxcala tí ń jẹ́ San Vicente Xiloxochitla. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí ni tákò inú apẹ̀rẹ̀. Wọn á di ẹ̀wà tàbí pọ̀tétò sínú tòtíyà, wọn á tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, wọn á fi aṣọ bò ó kí ooru má bàa jáde, wọn á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọn á sì tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ojú pópó Ìlú Mẹ́síkò. Ẹ jọ̀wọ́, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín wọn àti ìyá tó ru igbá ẹ̀kọ òun àkàrà, tó fi aṣọ bò ó, tó dúró síbi tí mọ́tò ti ń dúró lójú ọ̀nà tó lọ sí Djougou?

Kí màlúù tó dé ọ̀dọ̀ wọn

Àwọn kan rò pé oúnjẹ aláìlẹ́ran jẹ́ àṣà tuntun tí àwọn ará ìlú ńlá dá sílẹ̀. Ní Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran màlúù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni àlejò inú tákò.

Ní ọdún 1519 ni Hernán Cortés, ọ̀gágun ará Sípéènì, gúnlẹ̀ sí etíkun wọn. Ní 1521, Tenochtitlan, olú-ìlú àwọn Mexica, ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kò sí màlúù lórí ilẹ̀ yẹn. Kò sí àgùntàn, kò sí ewúrẹ́, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí adìẹ. Wọ́n ní tòlótòló, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ṣọdẹ, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ró láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni àgbàdo, ẹ̀wà, elégédé àti ata. Nínú oko kan náà ni wọ́n ti ń gbìn wọ́n, milpa ni wọ́n ń pè é. Àgbàdo á nà sókè, ẹ̀wà á fi ara àgbàdo ṣe igi, á máa gùn ún lọ, elégédé á tẹ́ sílẹ̀ bo ìdí wọn kí oòrùn má bàa gbẹ ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀gúsí sábẹ́ iṣu ní Manigri, ẹ kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ èyí fún yín.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì dé ni wàrà àti àwọn ẹran ọ̀sìn wọ̀nyí wọ inú oúnjẹ náà. Tákò al pastor tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí wọ́n ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lára irin tó ń yí níwájú iná, ọwọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí wá sí Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀sìn náà tún kó ipa tirẹ̀. Ní àsìkò Lẹ́ǹtì, àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ Ẹtì, tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì dé, ẹ̀wà, nopal àti wàrà ló máa ń kún inú tòtíyà. Àwa náà mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ ní oṣù Ramadan, tí àwọn aláàwẹ̀ ilé wa bá ti mu omi tán, ṣé kì í ṣe ògì àti àkàrà ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ń nà sí?

Irúgbìn wá, ìmọ̀ kò bá a wá

Àwọn onímọ̀ sọ pé ní àfonífojì odò Balsas, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ koríko igbó kan di àgbàdo, ó sì ti tó 9,000 ọdún. Teosinte lorúkọ koríko yẹn. Ọmọ rẹ̀ kò tó ìka ọwọ́, hóró rẹ̀ kò pọ̀, ó sì le bí òkúta. Àgbẹ̀ ló ń ṣa èyí tó dára jù níbẹ̀, tó ń tún un gbìn, láti ìran dé ìran, títí ó fi di èyí tí a mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn tí atukọ̀ Columbus ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492, àwọn atukọ̀ òyìnbó gbé e kọjá òkun, ó sì ti dé etíkun Áfíríkà wa ní ọ̀rúndún 16.

Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e kò béèrè bí àwọn onílé ṣe ń jẹ ẹ́. Àwọn ìyá Mẹ́síkò kì í lọ àgbàdo gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sè é nínú omi tí wọ́n da éérú sí, tàbí ẹfun tí wọ́n rí nínú òkúta tí wọ́n sun. Wọn á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn á fọ eèpo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Nixtamal ni wọ́n ń pe àgbàdo yìí. Nínú èdè Nahuatl, nextli tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, éérú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Fítámì kan wà nínú àgbàdo, B3, tí ara wa kò lè rí gbà dáadáa bí a kò bá ṣe é báyìí. Omi éérú ló ń tú u sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí irúgbìn ti lọ láìsí ìmọ̀. Ní Sípéènì, ní 1735, oníṣègùn Gaspar Casal rí àwọn tálákà tí àgbàdo jẹ́ oúnjẹ wọn, tí ara wọn ń bó, tí okun wọn ti tán. Àìsàn yẹn, pellagra, tàn dé Ítálì. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, kí dókítà Joseph Goldberger tó fi hàn pé kì í ṣe àrùn tó ń ràn, oúnjẹ tí kò pé ló ń fà á.

Nítòsí wa ńkọ́? Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Ní 1933 ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú torí pé àbúrò ti dé, tí oúnjẹ wọn kò ju àgbàdo lọ. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, ojú wọn kò fi ayọ̀ hàn. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gã ibẹ̀ ń pe àìsàn náà han gbogbo ayé: kwashiorkor. Àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ṣe. Àgbàdo dé ọwọ́ wọn láìsí àlàyé kankan. Wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kó kan. Kíkan yẹn ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn dúró. Ògì jáde, ẹ̀kọ jáde, àkàsà jáde, àbọ́lọ̀ jáde. Wọn kò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wà tì í. Ẹ̀wà yìí, tiwa ni, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá. Kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti Mẹ́síkò. Ohun tó dín nínú purotéènì àgbàdo, lysine, ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Ohun tó dín nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní i. Nígbà tí ìyá kan bá gbé àkàrà mẹ́ta lé ẹ̀kọ méjì, tó nà án sí ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé, oúnjẹ tó pé ló nà sí i. Ìyàtọ̀ ọmọ tó ń mu ògì nìkan àti ọmọ tó ń fi àkàrà mu ògì, ìyàtọ̀ àìsàn àti ìlera ni.

Àwọn ará Mẹ́síkò fi ẹ̀wà sínú tòtíyà, àwa fi àkàrà ti ẹ̀kọ. Wọn kò mọ̀ wá, a kò mọ̀ wọ́n, ìdáhùn kan náà ni a fún ìbéèrè kan náà.

Bí a ó ṣe ṣe é nílé wa

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú tiwọn wò pẹ̀lú ohun tó wà lọ́jà Bassila.

Ẹ wọn ife mẹ́rin àgbàdo funfun gbígbẹ, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ wá ife méjì éérú igi líle tó mọ́, tí ọ̀rá tàbí pálí kò jóná mọ́, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ sè é nínú omi ife mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ rọra da omi òkè sínú ìkòkò irin tàbí ìkòkò amọ̀. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, torí omi éérú máa ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan omi náà, yóò máa yọ̀ bí omi ọṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìyá àgbà tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, ẹ ti mọ omi yìí. Ẹ da àgbàdo sí i, ẹ sè é ní wákàtí kan sí méjì, títí eèpo rẹ̀ yóò fi máa bọ́ bí ẹ bá fi ìka méjì ra á. Ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lómi mẹ́rin tàbí márùn-ún, títí omi yóò fi mọ́, tí kò ní yọ̀ mọ́. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹ má kánjú.

Ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, kí wọ́n má da omi púpọ̀ sí i, kó lè ki bí amọ̀ tí amọ̀kòkò fẹ́ mọ. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ ṣù ú bí ẹyin adìẹ, ẹ fi í sáàárín ọ̀rá méjì, ẹ fi ìdí ìkòkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi fẹ̀, tí yóò fẹ́lẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù gbígbẹ tó gbóná, láìsí epo. Bí etí rẹ̀ bá ti ń gbé sókè, ẹ yí i padà. Bí inú rẹ̀ bá wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń fọn fèrè, ó ti jinná. Ẹ dì í sínú aṣọ kó má bàa gan.

Inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i: kí ẹ sè é kó rọ̀, kí ẹ fi àlùbọ́sà àti epo díẹ̀ dín in, kí ẹ fi irú tọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ ni ẹ ó fi tẹ̀lé e. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Mẹ́síkò náà ń já irú tẹ̀tẹ̀ tiwọn jẹ. Ẹ lọ tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù lórí ọlọ, kó má kúná jù, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí píà bá wà, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní avocat, ẹ rẹ́ ẹ sí i. Inú èdè Nahuatl ni tòmátì àti avocat ti gba orúkọ wọn, nítorí náà ilé ni wọ́n padà sí.

Ohun tí yóò gba ipò ẹran ni wàgàsì. Ẹ lọ jókòó ti ìyá Fúlàní kan lọ́jọ́ tó bá ń ṣe é. Yóò gbé wàrà tútù kaná. Yóò gún ewé àti ọ̀pá bọmubọmu, yóò fi omi rẹ̀ sínú wàrà náà. Kò ní pẹ́ tí wàrà yóò fi pínyà: omi rẹ̀ á mọ́ gaara, ara rẹ̀ á dì. Yóò kó ara dídì yẹn sínú asẹ́ kó lè ro, yóò sì gba ìrísí asẹ́ náà. Bí ó bá fẹ́ kó pọ́n, yóò sè é pẹ̀lú àpò ewé ọkà bàbà. Wàgàsì kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná; ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń le, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹ gé e bí ìka, ẹ dín in kó pọ́n, ẹ tò ó sórí ẹ̀wà inú tòtíyà. Ẹni tí kì í jẹ wàrà màlúù lè lo wàrà sóyà.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín báyìí: àgbàdo láti Mẹ́síkò, ẹ̀wà àti irú láti ilẹ̀ wa, wàgàsì láti ọwọ́ Fúlàní, éérú láti ìdí àdògán yín. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí ẹ ó torí rẹ̀ rìn dé Kutọnu.

Ojú tí a fi ń wo àwo tí kò ní ẹran

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí n tó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tí ìyá mi dì fún mi, torí àwọn tí bàbá wọn lówó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí. Ojú ń tì mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ tí mò ń fi pamọ́ ló jẹ́ kí n dàgbà. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ń ṣe bí mo ti ṣe nígbà yẹn kò tíì tán lágbègbè yìí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran. Ẹran dára, ọjọ́ ọdún sì ń bẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹran kọ́ la fi ń wọn iyì oúnjẹ. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Ẹ wo bí àwọn ará Mẹ́síkò ṣe náání tiwọn. Ní oṣù kọkànlá 2010, ní Nairobi lórí ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, UNESCO fi oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Kì í ṣe ilé oúnjẹ olówó ńlá ni wọ́n tọ́ka sí. Milpa ni, nixtamal ni, àti ọgbọ́n àwọn obìnrin tó ń sè é. Sẹ̀nẹ̀gà gbé ìrẹsì ẹlẹ́ja tiwọn síbẹ̀ ní 2021. Côte d'Ivoire gbé àtíkẹ́ síbẹ̀ ní 2024. Àwa Yorùbá-Nàgó ní Benin, Nàìjíríà àti Tógò ti ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú ìwé náà láti 2008. A mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀kọ àti àkàrà kò fi lè tọ ọ̀nà kan náà?

Ìparí

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ̀yin aláṣẹ, láti 2017 ni ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ti ń bọ́ ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí àgbàdo, ẹ̀wà, wàgàsì àti sóyà tó wọ inú ìkòkò náà máa wá láti oko àti agbo ẹran tiwa, kí owó rẹ̀ sì máa dé ọwọ́ àwọn ìyá tó wà níbí.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ nípa fítámì àti purotéènì, ẹ má ṣe yàwòrán ẹyin àti ẹran nìkan sójú pátákó. Ẹ ya ẹ̀kọ àti àkàrà síbẹ̀, kí ọmọ rí oúnjẹ ilé rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, tiyín ló kù. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìyá yín kò sí nínú ìwé: iye ọjọ́ tí àgbàdo ń lò nínú omi nígbà òtútù àti nígbà ooru, bí wọ́n ṣe ń fi etí gbọ́ pé epo ti gbóná tó àkàrà, ewé tó dára fún ẹ̀kọ àti èyí tí kò dára. Àgbàdo ti rin ìrìn àjò kan rí láìsí ìmọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọdé sì san gbèsè rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ lójú yín. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ jókòó ti ìyá yín nídìí àdògán, ẹ bi í bí ó ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lókè.